Ẹni Tí Kì Í Sọ Pé Kò Sí

Nínú òtẹ́ẹ̀lì ńlá tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́ ní olú-ìlú, èèwọ̀ ni kí òṣìṣẹ́ wo ojú àlejò kó ní, "Kò sí." Àwọn tó kọ́ ilé náà ló fi òfin yẹn lélẹ̀, nígbà tí òkúta ara ògiri rẹ̀ ṣì funfun bí eyín ọmọdé. Bí àlejò bá béèrè ohun tó ti tán, òṣìṣẹ́ á ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó, sà," á wọ ilé ìdáná lọ, á dúró díẹ̀, á sì gbé nǹkan mìíràn bọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Bàbá mi, tó ń gbé oúnjẹ fún àlejò, mọ iṣẹ́ yìí débi pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Jẹ́-n-wò-ó.

Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń fi orúkọ àwọn ọlọ́lá tó sùn níbẹ̀ pìtàn òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Ní tèmi, ohun tó tán níbẹ̀ ni mo fi mọ ìtàn rẹ̀, torí òun ni Bàbá ń sọ fún wa nílé. Nígbà tí ìjọba kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ìlú, nǹkan kan ò wọ́n. Òdòdó tútù máa ń wà lórí tábìlì láràárọ̀. Nígbà tó yá, ṣúgà tán. Lẹ́yìn ṣúgà, ó kan ẹja. Àlejò kan béèrè ẹja, Bàbá lọ wò ó, ó sì gbé ẹyin díndín jáde nínú àwo fàdákà ọlọ́mọrí. Ó ṣí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ débi pé àlejò náà jẹ ẹ́ tán, ó ní òun ò jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gba ìjọba, tí wọ́n kó sí àjà òkè pátápátá, iná ló kù tó tún lọ. Ọ̀gá wọn ní òun fẹ́ omi tútù. Ta ló máa sọ fún ẹni tó gbé ìbọn sórí tábìlì pé kò sí? Bàbá fi aṣọ tútù we ìgò omi, ó gbé e sójú afẹ́fẹ́, ó sì ń bẹ Ọlọ́run. Ọ̀gá ṣọ́jà mu ún tán, ó sì dá ìgò náà padà fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ti òtẹ́ẹ̀lì náà pa fúngbà díẹ̀, àdán sì gba yàrá àwọn ọlọ́lá. Ilé-iṣẹ́ kan tún un ṣe nígbẹ̀yìn, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n Bàbá ti fẹ̀yìn tì nígbà náà.

Ibẹ̀ náà ló ti rí ìyá mi, tó ń lọ aṣọ tábìlì ní ilé ìfọṣọ wọn. Nígbà tí Bàbá ní kó fẹ́ òun, ìyá mi dáhùn pé, "Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó." Ọkàn Bàbá dàrú. Ṣebí òun náà ló ń fi ọ̀rọ̀ yẹn dá àwọn èèyàn lóhùn? Àwo tó fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Àṣé ìyá mi lọ wò ó lóòótọ́: ó bá àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ó sì padà wá sọ pé òun gbà. "Ìyá yín nìkan ni mo mọ̀," Bàbá máa ń wí, "tó ní òun ń lọ wò ó, tó sì lọ wò ó."

Òfin òtẹ́ẹ̀lì bá Bàbá délé. Bí mo bá béèrè bàtà tuntun, tó ní òun á lọ wò ó, mo ti mọ̀ pé bàtà àná náà ni. Bọ̀ọ̀dá mi ò mọ̀. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá wa ní ìlú mìíràn ló ti lọ sílé-ìwé, ìgbà ọlidé nìkan ló ń rí wa.

Lẹ́yìn ikú ìyá mi, Bàbá dá wà nínú yàrá méjì wọn, lókè ṣọ́ọ̀bù aránbàtà, ní òdìkejì òtẹ́ẹ̀lì. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á gbé àga sójú fèrèsé. "Wọ́n ti ń tẹ́ tábìlì," á wí. "Ilé ìfọṣọ ni èéfín yẹn ti ń jáde." Èmi mọ̀ pé ojú fèrèsé yẹn ló ti ń bá ìyá mi gbé. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá mú un kúrò níbẹ̀, kò ní pẹ́ láyé.

Bọ̀ọ̀dá mi ò rí fèrèsé. Àtẹ̀gùn ló rí. Ó ní àtẹ̀gùn yẹn á gbé Bàbá ṣubú lọ́jọ́ kan, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó pè é lórí fóònù.

"Jẹ́ kí n lọ wò ó, ọmọ mi," ni Bàbá wí.

Bọ̀ọ̀dá mi pè mí tayọ̀tayọ̀ pé Bàbá ti gbà, ẹrù rẹ̀ ló fẹ́ wò.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kò gbà o. Bó ṣe ń sọ pé òun ò lọ nìyẹn."

"Ìwọ náà! Ẹni tí ò bá fẹ́ á ní òun ò fẹ́. Ó parí."

Inú bí mi. Mo pe Bàbá pé kó là á mọ́lẹ̀ fún un. Ó ní òun á lọ wò ó.

Ní Sátidé, mo ti wà lọ́dọ̀ Bàbá nígbà tí bọ̀ọ̀dá mi gbé mọ́tò dé. Bàbá gbé tíì fún un, ó ká aṣọ ìnuwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife bó ti yẹ. Bọ̀ọ̀dá mi mu díẹ̀, ó dìde, ó sì gbé àga ojú fèrèsé lé èjìká.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ kí oòrùn tó mú."

"Jẹ́ kí n lọ wò ó," ni Bàbá wí, ó sì wọ yàrá. Mi ò gbọ́ kó ṣí àpótí, mi ò gbọ́ kó gbé báàgì. Ó kàn dúró síbẹ̀ ni, bó ṣe máa ń dúró nínú ilé ìdáná tí ìkòkò rẹ̀ ṣófo.

Nígbà tó jáde, kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi," ó ní, "kò sí."

"Kí ni ò sí, Bàbá?"

"Lílọ. Mo wò ó, kò sí. Mi ò lọ síbì kankan. Gbé àga mi sílẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá mi gbé e sílẹ̀, ó sì jókòó lé e bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Ẹ̀rù ló ń bà mí, Bàbá. Mi ò sí níbí nígbà tí Màámi kú. Mi ò fẹ́ kó tún rí bẹ́ẹ̀." Mi ò mọ̀ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ìbínú mi rọ̀ wọ̀ọ̀.

"Máa wá nígbà náà," ni Bàbá wí. "Ṣé wàá lè máa wá lóṣooṣù?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó." Ó mú fóònù rẹ̀, ó sì jáde sórí àtẹ̀gùn.

Ó wá ku èmi àti Bàbá. A ò wo ojú ara wa. Bàbá gbé ife tíì náà, ó tún gbé e sílẹ̀ síbi tó wà. Mo mọ ohun tó ń rò, torí òun kan náà ni mò ń rò.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bọ̀ọ̀dá mi ní òun ti bá ìyàwó òun àti ọ̀gá òun sọ ọ́: Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, òun á máa wá, òun á sì máa sùn di ọjọ́ kejì.

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ìyá rẹ lo jọ," ó ní, ó sì lọ gbé omi tíì mìíràn kaná.