Kéèkì Tí Kò Jẹ Rí

Ó ti rẹ Ìyá Oníkéèkì kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́ rárá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kó iṣẹ́ bá a. Ó kà á lórí fóònù pé ẹni tó bá ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ìyẹn ṣúgà, ọ̀rá, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀, yóò tètè rí àìsàn kí àìsàn tó rí i. Ó wá kọ orúkọ ilé àyẹ̀wò mẹ́ta sílẹ̀, ó ní kí ìyá òun mú ọ̀kan tí yóò máa lọ títí ayé. Ìyá bi í pé ayé ta ni.

Kò kúkú lè kọ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, iye ọdún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lò kí àtọ̀gbẹ tó pa á. Ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun náà ló sì fi ààrò kéèkì sílẹ̀ fún un. Títí tó fi kú ló ń bá àwọn dókítà jiyàn pé òun kì í jẹ kéèkì. Òótọ́ ló sọ. Kéèkì ti sú àwọn méjèèjì tipẹ́, wọn kì í fi kan ẹnu.

Ilé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ máa ń rán èèyàn wá sílé, Ìyá sì fẹ́ràn ìyẹn nítorí orúnkún rẹ̀. Wọ́n ní kó má fi nǹkan kan ju omi lọ kan ẹnu. Kò jẹun lóòótọ́. Ó jí ní ìdájí, ó po ìyẹ̀fun, ó ro ṣúgà mọ́ bọ́tà, ó ń báṣẹ́ lọ títí wọ́n fi dé. Èsì jáde, ṣúgà ga. Ìyá ní irọ́ ni. Wọ́n lọ sí ilé kejì, ilé ńlá tí èrò ti ń tò bí ẹni tó fẹ́ wọkọ̀, ṣúgà tún ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá ní ṣé ọmọ òun rí i báyìí, ẹ̀jẹ̀ kan, ìròyìn méjì. Ó ń sọ̀rọ̀ akin, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á. Ó ti ń wo ààrò náà, ó ń ro ẹni tí òun yóò fi lé lọ́wọ́.

Ilé kẹta wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àtẹ̀gùn mẹ́tàlélógún ni, Ìyá sì kùn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bàbá arúgbó kan tó fi òwú so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́rùn ló bá níbẹ̀, òun ló ń ṣe àyẹ̀wò. Bàbá ò tiẹ̀ mú abẹ́rẹ́. Ó jókòó, ó ń bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe àti ìgbà tó ń jí. Ìyá ní òun kò jẹ nǹkan kan. Bàbá ń wo ọwọ́ rẹ̀.

“Kí ló wà léèékánná yín, mà?”

“Ṣúgà tí mo fi ń bo kéèkì ni.”

“Ẹ tọ́ ọ wò láàárọ̀ yìí?”

“Mo gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Ìyẹn kì í ṣe jíjẹ, iṣẹ́ ni.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó?”

Ìyá fẹ́ sọ pé ẹ̀ẹ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nínú ọkàn, ó ti dé mọ́kànlá kó tó dúró. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí lójoojúmọ́, láti ọgbọ̀n ọdún. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Bàbá ní àyẹ̀wò kan wà tí kò béèrè pé kéèyàn má jẹun, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún odindi oṣù mẹ́ta tó kọjá. Ó gba ẹ̀jẹ̀ náà. Nígbà tí èsì dé, ó ní àtọ̀gbẹ kò tíì wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, wọ́n sì lè lé e padà. Ó yẹ kí inú Ìyá dùn, ṣùgbọ́n ẹkún ló bú sí.

“Ẹ̀gbọ́n mi ò parọ́ o,” ló ń wí. “Kò mọ̀ ni.”

Ní ọjọ́ kejì, ó ro ṣúgà mọ́ bọ́tà bó ṣe máa ń ṣe. Ó fi ìka kan tọ́ ọ wò, ó tẹ̀ síbi abọ́ òfìfo kan tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tu ú síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ bi í bóyá ó dáa.

“Ó dùn,” ni Ìyá wí, ó ń nu ẹnu. “Bó ṣe ń dùn náà nìyí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé e mì.”