Ẹyẹ Tó Ń Kí Wọn Kú Ilé

Ìyá arúgbó kan tí mò ń tọ́jú ní Temple Hills, ní Amẹ́ríkà, ló ni ẹyẹ náà. Makọ́ọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó bá odídẹrẹ́ tiwa tan, àmọ́ ó tóbi jù ú lọ dáadáa; ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ búlúù, àyà rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. Ojú tó fi máa ń wò mí láti inú àgò rẹ̀ dà bí ojú ìyá ọkọ tó ń wá ẹ̀sùn.

Ọkọ mi àtàwọn ọmọ ṣì wà ní Ìbàdàn nígbà náà, wọ́n ń retí físà. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá kan tí mo gbà ní Riverdale Park. Láàárọ̀, tí mo bá ti ṣílẹ̀kùn ìyá náà, màá ní, "Ẹ kú ilé o." Ẹnu mi ti mọ́ ọn; a kì í já wọlé onílé láìkí wọn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá, kò lè dáhùn, ì báà tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Ẹyẹ nìkan ló máa ń yí orí sọ́tùn-ún sósì.

Ó di ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń ti ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ohùn ara mi láti inú àgò: "Ẹ kú ilé o." Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní kí n kọ́ ọ ní ìdáhùn, kó lè máa kí mi káàbọ̀. Mo fi ẹ̀pà bẹ̀ ẹ́, mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tù ú lójú. Ó jẹ ẹ̀pà, ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ní ẹ kú ilé o. Ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́ ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó kí mi káàbọ̀ rí nínú ilé yẹn.

Ìyá kú nígbà òtútù. Àwọn ọmọ rẹ̀ fi ẹyẹ tọrẹ, n kò mọ ẹni tí wọ́n fún. Mo rí iṣẹ́ mìíràn sí Largo.

Níbẹ̀ ni obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti pè mí lásìkò oúnjẹ ọ̀sán pé kí n wá wo fídíò kan lórí kọ̀ǹpútà. Ẹyẹ mi ni. Ó ń jó lórí àga nílé onílé, ó ń ké "Ẹ kú ilé o" pẹ̀lú ohùn mi gẹ́lẹ́, tòun ti àárẹ̀ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn èèyàn ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ṣáá: cute. Ohun tí à ń rí lára ọmọ ọwọ́ tí a fi ń fà á lẹ́rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń wí. N kò bá wọn jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ẹnì kan kọ ọ́ pé èdè inú igbó ni ẹyẹ náà ń sọ. Èdè igbó kẹ̀. Inú bí mi. Ohun tó tún dùn mí ju ìyẹn lọ ni pé ó kí wọn títí, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn.

Mo kọ tèmi sábẹ́ fídíò náà lédè Gẹ̀ẹ́sì: pé ìkíni ni, pé ẹni tó ń wọlé ló ń kí ará ilé bẹ́ẹ̀, pé ará ilé gbọ́dọ̀ dáhùn pé káàbọ̀. N kò sọ pé ohùn mi ni.

Nígbà tó yá, fídíò tuntun jáde. Ẹyẹ ní ẹ kú ilé o. Obìnrin tó gbà á tọ́ dáhùn láti ẹ̀yìn kámẹ́rà, bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀: "Kaboo." Ẹyẹ na ìyẹ́ méjèèjì, ó ń mi orí, ó ń pariwo. Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rín. Òun ti rí ẹni tó ń kí i káàbọ̀.

Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé yàrá mi ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí èmi nìkan ṣì wà, màá tan kọ̀ǹpútà kí n tó bọ́ kóòtù. Màá wá fídíò yẹn, màá ní, "Ẹ kú ilé o," kí ẹyẹ tó sọ tirẹ̀. Obìnrin tí n kò mọ̀ rí á sì dá àwa méjèèjì lóhùn.