Tírè Olódòdó Màmá Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́dọ̀ gun àpótí kí ọwọ́ mi tó kan orí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí ohun tó wù mí nínú ilé wa ní Ọjà-Ọ̀dàn tó àwọn tírè Màmá wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí irú wọn: tírè tánganran tí wọ́n ya òdòdó tàbí ẹyẹ ọ̀kín sí láàárín, tí etí rẹ̀ jẹ́ pupa tàbí búlúù. Òdìkejì bọ́dà ni àwọn oníṣòwò ti ń kó wọn wá, wọ́n á fi koríko gbígbẹ há àárín wọn kí wọ́n má baà máa ha ara wọn lójú ọ̀nà. Obìnrin tó bá ní mélòó kan nígbà náà, ẹni tó rí já jẹ ni.

Orí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀ ni Màmá wa ń tò wọ́n sí. Wọ́n á jẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, ńlá lẹ́yìn, kékeré níwájú, bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ ya fọ́tò. Èyí tí wọ́n ya Káábà sí ni Bàbá wa fi ìṣó kọ́ sókè ògiri, kò sì sí ẹni tó jẹ́ gbé oúnjẹ sínú rẹ̀. Èyí tó ní ọ̀kín la fi ń gbé omi fún àlejò. Kékeré kan wà tí tánganran etí rẹ̀ ti ṣí, orí tábìlì nìyẹn ń gbé ní tiẹ̀. Inú rẹ̀ ni àbẹ́là, ìṣáná, abẹ́rẹ́ àti kọ́kọ́rọ́ ilé máa ń wà. Bí iná bá lọ tí ẹnì kan bá ń pariwo pé òun ò rí ìṣáná, Màmá á ní, “Ṣé tírè ti rìn kúrò lórí tábìlì ni?”

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Ràfíátù la máa ń fọ̀ wọ́n ní ọjọ́bọ̀, nítorí àlejò ọjọ́ Jímọ̀. Ràfíátù jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n máa pe òun ní “ẹ̀yin”. Ó ní ó ń jẹ́ kóun dà bí ìyá arúgbó. Ìdí kànga la máa ń jókòó sí, pẹ̀lú eérú tí a ti kù dáadáa àti kànrìnkànrìn tó ti gbó, torí pé tuntun á ha òdòdó ojú wọn. Mo ṣì lè gbọ́ òórùn eérú tútù yẹn nímú mi. Tí a bá ti nù wọ́n tán, Ràfíátù á mú tírè kan, á sọ ọ́ di sítíárìn, á máa pe èrò: “Ìlaro! Ayétòrò! Ìmàṣàyí! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!” Èmi ni kọ́ńdọ́kítọ̀.

Níbi tí a ti ń wa mọ́tò yìí ni tírè ti já bọ́ lọ́jọ́ kan, tí tánganran etí rẹ̀ sì fò. Màmá ò na wa. Wọ́n ní ká kúnlẹ̀, ká kọjú sí ògiri, ká gbé ọwọ́ sókè. Ràfíátù sọ pé òun nìkan ló jẹ̀bi, òun ni dírẹ́bà. Màmá ní kọ́ńdọ́kítọ̀ náà wà nínú mọ́tò, kó kúnlẹ̀. Bí a ṣe wà níbẹ̀, Ràfíátù ń fi ẹnu ṣe ìró ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ kú, ẹ̀rín sì ń pa mí kú, omi ń jáde lójú mi. Títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́ la wà lórí ìkúnlẹ̀ nítorí ẹ̀rín yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé torí ẹ̀ṣọ́ nìkan ni Màmá ṣe ní tírè. Nígbà ààwẹ̀, tírè ilé wa kì í sinmi. A ó gbé ẹ̀kọ àti àkàrà sínú wọn, a ó fi aṣọ funfun bò ó, a ó máa gbé e kiri ilé àwọn ará àdúgbò. Ìyá Tíṣà, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ, máa ń gba tiwọn, bí ọdún Kérésì bá sì dé, tírè ìrẹsì tiwọn á wọlé wá. Òfin kan wà tí Màmá ò fi ṣeré rárá. Tí tírè ẹlòmíì bá dé ilé wa, a ò gbọ́dọ̀ dá a padà lófìfo. “Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i,” wọ́n á ní. “Ẹ fi ọsàn kan sí i. Kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé ẹnì kan wà nílé tó rántí wọn.” Gbogbo àdúgbò wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ Màmá ló le jù nídìí ẹ̀.

Nígbà tó yá, Ràfíátù lọ sílé ọkọ. Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni ọkọ rẹ̀, ará Pobẹ̀ ni, lọ́hùn-ún bọ́dà. Pobẹ̀ ò jìnnà sí wa, Yorùbá kan náà la jọ ń sọ, ṣùgbọ́n ní ti Màmá wa, ibi tí wọ́n bá ti ní kéèyàn mú ìwé jáde, ìlú òkèèrè ni. Wọ́n sunkún. Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ tírè olódòdó kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tó dára jù nínú gbogbo wọn, òdòdó pupa láàárín, ewé tútù yí i ká, wọ́n gbé e lé Ràfíátù lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Mi ò fún ọ pé kó o lọ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Máa gbé e ránṣẹ́ sí mi.”

Báyìí ni tírè olódòdó ṣe di arìnrìn-àjò. Ìyá Múfú, ọ̀rẹ́ Màmá tó ń ta gàrí, máa ń kọjá sí Pobẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Orí ẹrù wọn ni tírè náà ń gùn lọ gùn bọ̀, nínú aṣọ tí a dì í sí. Màmá á kó gàrí àti ẹ̀gúsí sínú rẹ̀ lọ. Bí Ràfíátù bá máa dá a padà, ó lè jẹ́ ṣúgà oníhóró ló máa kó sínú rẹ̀, ó lè jẹ́ ẹja gbígbẹ, tàbí búrẹ́dì gígùn àwọn Faransé, tó máa ti le bí igi kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a ó sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lé e lórí. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́, ó ní kí Ìyá Múfú sọ fún Màmá pé “mẹ̀sí”, ìyẹn “ẹ ṣé” lédè Faransé. Ẹ̀rín pa wá. Títí di ìgbà pípẹ́, tí mo bá fún Màmá lómi, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, “Mẹ̀sí, màdáàmù.”

Ràfíátù pẹ́ díẹ̀ kó tó lóyún. Nígbà tó lóyún náà, ara rẹ̀ ò yá. Bọ́dà sì le lásìkò yẹn, mọ́tò ò lè kọjá. Ìyá Múfú mọ ọ̀nà inú igbó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dun Màmá wa, wọn ò lè rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Kò sí fóònù. Tírè yẹn nìkan ló ń mú ìròyìn wá. Tí Ìyá Múfú bá ti wọlé, Màmá á kọ́kọ́ tú aṣọ wò kí wọ́n tó kí ara wọn. Búrẹ́dì ò wá mọ́. Ẹja náà ò wá mọ́. Lọ́jọ́ kan, ọsàn ló wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, iyọ̀ bíńtín tó dì sínú ọ̀rá ni. Màmá gbé iyọ̀ yẹn sọ́wọ́, ojú wọn ń tàn díẹ̀. Wọ́n ní, “Ó dìde. Ó wá nǹkan sí i.”

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Màmá ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé nígbà tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tí wọ́n gbà lẹ́nu bọ́dà, àgbàlagbà méjì àti àbúrò ọkọ Ràfíátù. Àwọn àgbàlagbà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n béèrè Bàbá wa, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kékeré kan ló gbé àwọn wá, kí gbogbo wa kọ́kọ́ lọ sílé ẹ̀gbọ́n Bàbá. Bí wọ́n ṣe máa ń túfọ̀ ọmọ fún òbí nìyẹn. Wọ́n á rọra mú ọ̀rọ̀ yẹn rìn, wọ́n á wá àgbà tó máa di ìyá mú, kí wọ́n tó là á. Wọ́n ti fètò sí i dáadáa.

Ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ yẹn kò fẹ́ wọlé àna lọ́wọ́ òfìfo. Ó mọ̀ pé tírè Màmá ni, ó fọ̀ ọ́, ó dì í sínú aṣọ rẹ̀, ó fi ìdọ̀bálẹ̀ gbé e fún wọn. Ó rò pé òun ń ṣe dáadáa ni. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó fúyẹ́. Wọ́n tú aṣọ, òdòdó pupa yẹn hàn látòkè délẹ̀, kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, wọ́n gbọn aṣọ náà, iyọ̀ kankan ò já bọ́.

“Ta ló fọ tírè yìí?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Ràfíátù ńkọ́?”

Ọmọkùnrin náà wo ojú àwọn àgbà. Kò tíì padà wojú Màmá tí Màmá fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí wọ́n gbá tírè yẹn mọ́ àyà. Gàrí jóná nínú agbada, kò sí ẹni tó rò ó.

Ìrọbí ló gbé e lọ, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Wọ́n ti sin wọ́n kí wọ́n tó wá. Ó dùn mí títí dòní pé mi ò rí ojú ẹ̀gbọ́n mi kó tó lọ. Nínú gbogbo ẹni tó ti kú lójú ayé mi, ikú tirẹ̀ ni kò gbó rárá.

Màmá ò dá tírè olódòdó padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Yàrá wọn ló wà títí wọ́n fi jáde láyé, kò sì sígbà tí mo wọlé tí mo bá a lófìfo. Bí kò sí èso, ìrẹsì ìkúnwọ́ kan á wà níbẹ̀, tàbí òwú, tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tó ti já. Àwọn àlejò rò pé àgbà ló mú kí wọ́n máa kó pàńtírí jọ.

Ilé mi ní Ìlaro ni tírè náà wà báyìí. Lórí tábìlì mi ló ń gbé, gíláàsì ojú mi, tẹ̀sùbáà mi àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ayé òde òní náà fẹ́ràn tírè o. Sídí ọmọbìnrin mi, tó ń gbé l'Ékòó, máa ń fi hàn mí lórí fóònù: tírè onígíláàsì, tírè onígi, tírè tí etí rẹ̀ ń dán bíi wúrà, òdòdó onírọ́bà lórí rẹ̀, àti àbẹ́là tí ìṣáná ò ní kàn láyé. Mi ò bú wọn, Màmá wa náà fẹ́ràn ẹ̀ṣọ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé tírè ìsinsìnyí kì í jáde nílé. Ẹni tó bá fẹ́ fún aládùúgbò lóúnjẹ lónìí, inú ike tí wọ́n máa jù nù ló ń bù ú sí, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa dá padà fún ẹnikẹ́ni.

Sídí máa ń ní, “Màmá, ẹ kó oògùn yìí kúrò, ẹ jẹ́ kí òdòdó yẹn hàn, ẹ ó rí i bó ṣe máa rẹwà.” Mo máa ń ní rárá. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Oyún àkọ́kọ́ ló wà nínú rẹ̀, irú ìtàn yẹn kọ́ ló yẹ kí aláboyún gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, dírẹ́bà kan tó ń ti Èkó bọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní Sídí ló ní kóun gbé nǹkan fún mi. Mo gbà á. Ó fúyẹ́. Mo ya ọ̀rá rẹ̀, mo rí tírè tuntun, etí rẹ̀ ń dán, àárín rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀bùn ni. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń sọ pé òun máa ra tírè tuntun fún mi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, dírẹ́bà sì ń bi mí pé, “Màmá, kí ló dé?”

Mo pe Sídí. Fóònù dún títí ó fi gé. Mo tún un pè.

“Màmá! Ṣé ó ti dé? Ṣé ó wù yín?”

Mo bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀. Ó ní òun jẹ ẹ̀wà. Mo ní ẹ̀wà pẹ̀lú kí ni, ó ní pẹ̀lú búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ fún un pé kó má tún gbé tírè ránṣẹ́ sí mi lófìfo mọ́ láyé, kó fi nǹkan sí i, ì báà ṣe iyọ̀.

“Iyọ̀ kẹ̀, Màmá? Ṣé kò síyọ̀ n'Ílaro ni?” Ló bá bú sẹ́rìn-ín, kò tètè dákẹ́.

Mo lẹ fóònù mọ́ etí, mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.