Èkùrọ́ Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ń rọ̀ mọ́ ìró ìyá mi kiri, abúlé wa kò jìnnà sí Ìsàbà, lápá Pobẹ̀. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra epo nínú ìgò lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é fún yín. Ọkùnrin ló ń gun ọ̀pẹ, òun ló ń kọ ẹyìn. Àwọn obìnrin á sè é, wọ́n á dà á sínú ẹkù, ìyẹn kòtò ńlá tí a fi amọ̀ rẹ́, wọ́n á sì wọ inú rẹ̀ lọ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Epo tó bá jáde, ti baálé ni. Èkùrọ́ tó bá kù, ti ìyàwó ni, kò sì sí ọkùnrin tó ń bá obìnrin du èkùrọ́. Òun ni ìyá mi ń tà tó fi ń ra aṣọ sí wa lọ́rùn.

Obìnrin mẹ́jọ, ìyá mi wà nínú wọn, ni wọ́n jọ ń wọ ẹkù, tèmi lónìí, tìrẹ lọ́la. Ìyá mi ló máa ń dá orin, ẹnu rẹ̀ sì mú. Kò sí ọkọ kan lábúlé tí kò fi orin bú rí, bàbá mi ni ó sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń jókòó sétí ẹkù, màá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn mí.

Ìgbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ epo kan sí ọ̀nà Sakété. Úsìnì ni gbogbo wa ń pè é. Kámíọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, bẹ̀rẹ̀ sí wọ abúlé wá ra ẹyìn bó ṣe wà ní ìdì. Inú bàbá mi dùn, ó kó gbogbo tirẹ̀ fún wọn. Ìyá mi gan-an bá a rù ú dé ẹ̀gbẹ́ kámíọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ti lọ tán ló béèrè pé, "Èkùrọ́ mi ńkọ́?"

Bàbá mi ní, "Epo ni wọ́n ń wá. Wọ́n á kó èkùrọ́ ẹ padà wá."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò parọ́. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò rí ibi tí ọkùnrin ti ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú èkùrọ́ rí. A dúró títí. Kámíọ̀ padà wá lóòótọ́, ẹyìn mìíràn ló wá kó.

Ni ìyá mi bá gbé agbọ̀n méjì, ó ki ọ̀kan bọ èkejì, ó ní ká jọ lọ. A rìn dé úsìnì kí oòrùn tó mú. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọmọ abúlé wa ni. Ó wọ kakí, ó bojú wẹ̀yìn wò bóyá ọ̀gá rẹ̀ wà nítòsí, kó tó tẹrí ba díẹ̀ kí ìyá mi. Mo rántí pé wíwò tó wo ẹ̀yìn yẹn bí mi nínú.

Ìyá mi ní, "Èkùrọ́ mi ni mo wá kó."

Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Ẹyìn tí bàbá tà, tòun tèkùrọ́ inú ẹ̀ ni wọ́n rà á. Kutonú ni wọ́n ń kó èkùrọ́ lọ."

"Báwo lọkùnrin ṣe máa ta èkùrọ́? Ṣé òun ló ni ín?"

A ń rí èkùrọ́ ọ̀hún látẹnu ọ̀nà, ó ga ju ilé lọ. Ìyá mi jókòó sábẹ́ igi kan títí ọ̀sán fi pọ́n, kò sí ẹlòmíràn tó bi í léèrè ohun tó ń wá. A gbé agbọ̀n òfìfo wálé.

Ojú ti bàbá mi. Ó ní kí wọ́n má kọ ẹyìn ọ̀pẹ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé fún kámíọ̀ mọ́, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ìyá mi. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin méje yòókù ti tú ká. Òmíràn ń ta búrẹ́dì fún àwọn olówó oṣù lẹ́nu úsìnì, òmíràn ti bá ọkọ lọ sí Kutonú. Ìyá mi nìkan ló wọ ẹkù. Ó dá orin, kò sẹ́ni tó gbè é. Mo fò wọnú ẹkù lọ gbè é, ẹsẹ̀ mi kò lágbára, n kò sì mọ orin náà dópin. Ó ní kí n jáde, kí n má baà yọ̀ ṣubú. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo sá lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń ṣiṣẹ́ sìmẹ́ǹtì l'Ónígbólò, alùpùpù yín ń dún kọjá níwájú ilé mi láràárọ̀, inú mi sì dùn sí i. N kò ní kí ẹ padà sínú ẹkù. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, bí ọkọ bá mú èkùrọ́ ìyàwó, àwọn àgbà ẹbí á pè é jókòó, wọ́n á bá a wí, yóò sì dá a padà. Ìyá mi wá ẹni tí yóò fẹjọ́ sùn, kò rí. Bàbá mi kò ṣẹ̀ ẹ́, ọmọ aṣọ́nà kò ṣẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń wa kámíọ̀ kò mọ̀ ọ́n rí. Ó bínú títí tó fi kú, kò sì rí ẹnì kan bínú sí.