Ọjà Tí A Dá Sílẹ̀ Nítorí Ìyá Ọkọ Mi

Ní ilé wa, lẹ́yìn Akanran, ọ̀rọ̀ "abà" lè dá ìjà sílẹ̀. Bàbá mi gbà pé abà ni ibi tí èèyàn méjì mẹ́ta kọ́ ahéré sí nídìí kòkó. Bó bá ti ní baálẹ̀, abúlé ni. Bó bá wá lọ́jà, ìlú ni, kí ẹnikẹ́ni má jiyàn. Tiwa ní baálẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù kan, kò lọ́jà. Síbẹ̀, ìlú ni bàbá mi ń pè é.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ́kọ, ìyá àfẹ́sọ́nà mi, tí wọ́n ń gbé ní Adegbayi, ní ọmọ àwọn ò ní í fẹ́ ará abà. Adegbayi tí kò ju oríta àti ariwo ọkọ̀ Ifẹ̀ lọ nígbà náà. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọmọ wọn, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọn ò ní í gbà mí. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá fojú ara àwọn rí ilé wa.

Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ bùṣe, a ó dá ọjà sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, gbogbo abúlé jáde sábẹ́ igi ọdán. Iṣu, ẹ̀gúsí, ata, títí kan adìẹ tí a fẹ́ pa fún àlejò, la tò kalẹ̀. Baálẹ̀ fúnra wọn ń ta orógbó. Aládùúgbò wa kan tí kò rí nǹkan tà gbé àga pálọ̀ rẹ̀ wá. À ń rajà lọ́wọ́ ara wa, ìyàwó baálẹ̀ àti ìyá mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí iye ata.

Ìyá àfẹ́sọ́nà mi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rajà. Wọ́n ra iṣu, wọ́n ra ẹ̀gúsí, wọ́n ra adìẹ tí à bá fi ṣe wọ́n lálejò. Wọ́n ra àga, wọ́n sì jókòó lé e. Omi àti orógbó nìkan ló kù tí a gbé fún wọn. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Wọ́n gé orógbó jẹ, wọ́n ní: "Ọjà yín dára o. Ṣé ọrọọrún lẹ máa ń ná an?"

Bàbá mi ò tilẹ̀ ronú. "Ọrọọrún ni, ìyá wa."

"Ó dáa, màá padà wá." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ìyàwó mi, bá mi di adìẹ yìí mú."

Bí mo ṣe rọ́kọ fẹ́ nìyẹn, bí abúlé wa sì ṣe kó sí gbèsè ọjà nìyẹn. Ní ọrọọrún ni wọ́n ń pa iṣẹ́ oko tì, kí ìyá ọkọ mi má baà bá ilẹ̀ lásán. Nígbà tó yá, àwọn abúlé tó yí wa ká rò pé ọjà gidi ni, wọ́n ń kó ẹrù wá. Títí di òní, èmi ará Adegbayi ni mò ń wọkọ̀ lọ rajà nílùú bàbá mi.