Ẹ̀rín Ìyá Ìyàwó Mi

Bí mo bá ti gbọ́ ẹ̀rín àríntakìtì níbikíbi, ìyá ìyàwó mi ni mo máa ń rántí. Àwọn ló ń kọ́ wa ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Agége, ẹ̀rín wọn sì máa ń bo ariwo ẹ̀rọ ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́yìnkùlé. Wọn kì í ka ìwé àwọn ọlọ́gbọ́n Hébérù àtijọ́ láìwá Jésù níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, wọn á pàtẹ́wọ́: "Ẹ wò ó, òun rèé!"

Lọ́jọ́ kan, opó kan láàárín wa ní, "Màmá, bí mo bá rẹ́rìn-ín báyìí, ó ń dà bíi pé mo ti gbàgbé ọkọ mi."

Wọ́n ṣí Bíbélì síbi tí Ọgbọ́n ti ń yọ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run kí a tó dá òkè.

"Ta ni Ọgbọ́n yìí, bí kì í bá ṣe Jésù? Inú rẹ̀ ti ń dùn kí ẹnikẹ́ni tó sunkún láyé. Ọmọ mi, ayọ̀ ló nilé, àlejò ni ẹkún. Rẹ́rìn-ín."

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Kò pẹ́, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárín ẹkún náà, ó sì ran gbogbo wa. A ò rí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà parí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ sílẹ̀, òun ló sì dá orin fún wa.