Pápá Tí Wọ́n Ti Kọ́lé Lé Lórí

Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń lọ bá aláìsàn nílé, ilé bàbá arúgbó kan ní apá gúúsù Chicago ni mo máa ń parí iṣẹ́ sí. Rogers Park ni mò ń gbé, ní ìhà àríwá pátápátá, nítorí náà màá jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin Red Line títí àwọn òyìnbó yóò fi sọ̀ kalẹ̀ tán láàárín ìlú, tí yóò wá ku àwa aláwọ̀ dúdú. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni bàbá náà, dúdú bíi tiwa. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí sì ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí, èmi ni mò ń tọ́jú ojú ọgbẹ́, tí mo sì ń mú un rìn nínú pálọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó rò pé nǹkan ló já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ní, “Kí lò ń wá nílẹ̀?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ni mò ń kí, sà. Bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa nìyẹn.”

Ó wò mí títí. Ó ní kò sẹ́ni tó kí òun bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Bàbá, òun náà sì ń pè mí ní ọmọ mi.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bá a nídìí tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo bésíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá. Nọ́ńbà kan náà ni gbogbo àwọn tó ń gbá a kọ sẹ́yìn ẹ̀wù. Mo bi í pé kí ló dé.

Ó ní, “Ọjọ́ ìrántí ọkùnrin dúdú tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sínú ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó ni. Nọ́ńbà tirẹ̀ nìyẹn. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló wọlé, ọmọ mi. Èmi náà wọlé.”

Ìgbà náà ni mo tó mọ ẹni tí mò ń tọ́jú. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú kan níbí ní Chicago ló ń bá gbá bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ òyìnbó kan ní ìlú kékeré kan ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá mú un, òun sì ni dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ní. Bí ọkọ̀ wọn bá dúró kí wọ́n jẹun lọ́nà, àwọn yòókù á wọlé lọ, òun á jókòó sínú ọkọ̀ títí wọn yóò fi gbé oúnjẹ tirẹ̀ tó ti tutù wá nínú ìwé. Wọn kò gbà á ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ilé opó kan ní àdúgbò àwọn dúdú ló ń sùn, obìnrin náà kì í sì í sùn títí yóò fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nínú pápá, orí rẹ̀ gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń bá wọn díje máa ń ju bọ́ọ̀lù sí.

Mo ní, “Kí lẹ wá ṣe?”

“Mo dìde, mo gbọn eruku ara mi, mo padà síbi tí mo dúró sí tẹ́lẹ̀.”

Kò dé ẹgbẹ́ ńlá bíi ti ọkùnrin tí wọ́n ń ṣe ìrántí rẹ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ó padà sí Chicago, ó sì rí iṣẹ́ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò bá ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀ mọ́. Àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ti lọ sọ́dọ̀ òyìnbó, èrò ìwòran ti tẹ̀ lé wọn, pápá ti ṣófo.

Ó ní, “A ń sáré wọ ilé onílé, a ò mọ̀ pé tiwa ń wó lẹ́yìn wa. Kì í ṣe pápá àwọn òyìnbó ni mo máa ń rí lójú àlá. Tiwa ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, láti ṣọ́ọ̀ṣì làwọn èèyàn ti ń wá tààrà, àwọn obìnrin á dé fìlà tó ga débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn wọn kò ní í ríran.”

Ilé ẹbí tiwa ní Abẹ́òkúta, wọ́n tà á nígbà tí mo wà níbí, wọ́n sì kọ́ ilé epo síbẹ̀. Títí di òní, tí mo bá lá àlá, àgbàlá yẹn ni mo máa ń bá ara mi.

Nígbà tó ti lè fi ọ̀pá irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rìn dáadáa, ó ní kí n gbé òun lọ sí pápá àtijọ́ náà. Mo pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí.” Lọ́jọ́ tí mi ò lọ síṣẹ́, mo gba mọ́tò ọkọ mi, a lọ.

Ilé gbígbé ló kún ibẹ̀, àti àyè tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Bàbá wò yíká, ó rọra rìn bọ́ sáàárín mọ́tò méjì, ó sì dúró.

Ó ní, “Ibí ni ilé wà.”

“Ilé ta ni, Bàbá?”

Ó ṣàlàyé pé ibi tí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù máa ń dúró sí, ilé ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ló ti ń gbéra, á sáré yípo, àfi tó bá padà débẹ̀ ló tó jẹ ayò.

Mo ní, “Eré yẹn gan-an ni mò ń sá ní Amẹ́ríkà yìí.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀pá rẹ̀ mú gírí.

Obìnrin kan jáde láti inú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, ó bi wá bóyá kò sí wàhálà. Bàbá sọ ohun tí ibẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀ fún un. Obìnrin náà ní ibẹ̀ lòun dàgbà sí, òun kò sì gbọ́ ọ rí. Ó wọlé, ó gbé àga jáde. Bàbá jókòó, ó ń pe orúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń nawọ́ sí ibi tí oníkálukú máa ń dúró: èyí tó ń kọrin, èyí tó lè sáré bí ẹtu, èyí tí kì í fẹ́ kí bàtà rẹ̀ dọ̀tí. Ibi tó ń nawọ́ sí, ilé ni, mọ́tò ni, agolo ìdọ̀tí ni.

Ó ní, “Èmi nìkan ló kù. Kò sẹ́ni tí mo lè bi pé, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́?”

Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Obìnrin náà jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ máa wí. Mò ń gbọ́.” Ó sì ń wí títí òjìji àwọn ilé fi bò wá.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá tán, ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sọ́dọ̀. Ó ń pè mí lórí fóònù lóòrèkóòrè, títí ọmọ náà fi pè mí fúnra rẹ̀ pé bàbá òun ti sùn. Mi ò rí àyè kúrò níbi iṣẹ́ láti lọ sin ín.

Ilé ìwòsàn kan ní Evanston ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Tí oòrùn bá ti ń mú, àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbá bésíbọ́ọ̀lù ní pápá kan tí mò ń gbà kọjá, mo sì máa ń dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tí wọ́n fi yí i ká. Mi ò tíì mọ òfin eré náà délẹ̀. Kì í sì í ṣe eré náà ni mò ń dúró wò. Ó kàn ń wù mí kí ẹnì kan dúró tì mí, kó pè mí ní ọmọ mi, kó sì máa ṣàlàyé.